Ọwọ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń wa katakata mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má wò ó nígbà tó ń wà á lọ. Ẹ wò ó nígbà tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ní apá irin méjì níwájú, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí a fi ń kó ẹrù wà lẹ́nu apá náà, kó kọ́kọ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wálẹ̀ títí yóò fi jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó fa búréèkì ọwọ́, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ tó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lókè, màá bú u. Mo ti bú àwọn ọkùnrin tó lè bí mi lọ́mọ nítorí rẹ̀, níṣojú àwọn ìyàwó wọn. Wọ́n ní ẹnu obìnrin yìí mú bí abẹ. Ó mú, mi ò jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi níṣẹ́ náà, nínú oko àwọn ẹlòmíràn láàárín Odígbó sí Orè. Ó kọ́ mi pé bí mo bá kó ẹrù, kí n gbé e sún mọ́ ilẹ̀, kí n rọra rìn, kí n má sì gbé ènìyàn kankan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ì báà ṣe pé ẹyìn ló fẹ́ kọ lórí ọ̀pẹ. Ó kọ́ mi pé a kì í kọjá lábẹ́ rẹ̀. "Irin tó bá wà lókè," ló máa ń wí, "ilẹ̀ ló ń lọ. Kò kàn tíì débẹ̀ ni." Á sì rẹ́rìn-ín bó bá sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi kú, màmá kan gbà mí síṣẹ́. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ní oko ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ lọ́nà Àgọ́ Aláyè. Àwọn olóko tí mo ti kọ́kọ́ lọ bá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè gbé katakata lé obìnrin lọ́wọ́. Màmá gbé oúnjẹ fún mi kó tó bi mí léèrè iṣẹ́ rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Aláàdúrà ni, tọkàntara. Kò sí ohun tí yóò rà tí kò ní kọ́kọ́ pe àwọn ará ilé àdúrà wá gbàdúrà lé lórí, ì báà ṣe ewúrẹ́.

Katakata àyálò la ń lò nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, ọmọ Màmá tó wà l'Ékòó ra ọ̀kan fún un lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á l'Órè, wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé e wá. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀dà búlúù kùn ún, ó ń dán. Àwọn tó gbé e wá já a sílẹ̀ létí oko ẹ̀gẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo rìn yí i ká bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo dé iwájú, mo rí ojú àpá kan létí bọ́kẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ ọ̀dà. Ẹnì kan ti jó irin náà pọ̀ rí. Ìlà rẹ̀ lọ tààrà dé àárín, ó ṣẹ́, ó wá wọ́ gba ibòmíràn lọ. Mo mọ ìdí tó fi ṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ló kú mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ nígbà tó ń jó o. Mo gbé ìka lé e, orí mi sì wú.

Katakata yìí ló pa ẹ̀gbọ́n mi.

Màá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ tuntun la ń tún lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti bẹ́ gbogbo igi ibẹ̀, kò sí ibòji kankan. Ibà ti mú un láti àárọ̀, àmọ́ olórí kunkun ni, ó ní àfi kóun lọ. Mo gbé e há àárín èmi àti ọlọ́kadà kó má baà ṣubú. Nígbà tó di ọ̀sán, kò lè dìde mọ́. Ó ní kí n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè kóun lè sùn sábẹ́ ibòji rẹ̀ díẹ̀, kí n lọ ra oògùn àti ẹ̀kọ wá l'Ódígbó. Ẹyìn tí a ká lórí àwọn ọ̀pẹ tí wọ́n gé kún inú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Òun tó kọ́ mi pé a kì í kọjá lábẹ́ rẹ̀ ló ní kí n tẹ́ ẹní síbẹ̀. Mo gbé e sókè, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ kọ́kọ́rọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo rántí yọ kọ́kọ́rọ́. Mi ò pẹ́ tó wákàtí méjì. Nígbà tí mo padà dé, bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti jókòó pẹ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ mi pé kó máa jókòó. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò mi. Kò sí ojú ẹsẹ̀ ẹnì kankan nínú eruku, kò sì sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan nílẹ̀. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo gbé e kúrò lórí rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní rọ́bà inú rẹ̀ ló ti jẹ, pé ọ́ìlì tó ń gbé apá náà dúró ń yọ́ padà sí táǹkì láti inú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò lè rí i. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣófo, á máa wálẹ̀ bí ìgbín. Bó bá lẹ́rù, á yára. Àwọn ẹbí bi mí pé ta ló gbé e sókè. Mo ní mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n wá ní òun fúnra rẹ̀ ni, wọ́n ní àìbìkítà ló pa á. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi náà sì dákẹ́. Wọ́n ta katakata, mo rò pé mi ò ní rí i mọ́ láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí katakata náà dé oko Màmá, Wòlíì ilé àdúrà wọn wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, aránṣọ ni l'Órè, kì í pariwo. Kò mọ̀ mí rí ju pé mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó di ojú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Kò pẹ́ tó fà á kúrò, ó ń nù ún mọ́ ara sùtánà rẹ̀.

"Mo rí ọwọ́ kan lókè," ló wí. "Ọwọ́ yìí ti ṣe ohun tí kò dáa rí. Ilẹ̀ ló ń wá. Ẹ má jẹ́ kó kan ilẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí a fi àdúrà wẹ̀ ẹ́."

Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, a kì í fi irin yìí sílẹ̀ lókè."

"Ọmọ mi, ọjọ́ méje péré ni. Ṣé ọjọ́ méje ló wá le tó báyìí?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ìtì igi méjì gbé apá náà ró nígbà náà, kó má baà lè wálẹ̀. Wòlíì mi orí. "Igi tó bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, arábìnrin, ilẹ̀ náà ni. Bí ọwọ́ bá kan igi, ó ti kan ilẹ̀." Ẹ wo ọgbọ́n.

Mo lè jà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti jà lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹnu mọ́ ọn, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ìwà katakata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí. Ojú tì mí láti sọ ọ́, òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo gun orí àga, mo di ọ̀pá kékeré tó wà lápá ọ̀tún mú, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè kọjá orí mi. Wọ́n so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ apá méjèèjì. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, pé ibẹ̀ ni Màmá yóò ti máa gbàdúrà lọ́sọ̀ọ̀sán.

Mo gé igi ẹ̀gẹ́ kan tó ga dé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì gẹ́lẹ́, kí n lè máa fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igi náà kò lè dúró lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo gé ìwọ̀n ìka kan kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí Màmá wọlé láti ibi àdúrà ọ̀sán, mo tún gé ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, torí ooru máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó níwájú rẹ̀ fún odidi wákàtí kan, mò ń wò ó. Kò mira. Àwọn ọ̀pẹ dákẹ́, ẹyẹ kan ò ké. Ohun tí mo ń gbọ́ ò ju ìró àwọn tírélà lọ, láti òpópónà márosẹ̀ lọ́nà jíjìn. Mo dìde lọ mu omi. Nígbà tí mo padà, igi mi ti tẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ́ìlì ni. Kí n má parọ́, mímọ̀ yẹn kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹ jókòó ti ohun tó ń bọ̀ wá bá yín, tí kì í rìn lójú yín, kí ẹ wá sọ fún mi pé ọ́ìlì ni.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá fúnra rẹ̀ kíyè sí i. Kò bẹ̀rù. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run ń ṣe," ló ń wí. "Irin ń tẹrí ba." Kó tó di ọ̀la, àwọn ará ilé àdúrà ti ń gun ọ̀kadà wá láti Odígbó àti Àgọ́ Aláyè láti wá wò ó. Wòlíì ní ọwọ́ tó burú ti ń di ọwọ́ ìbùkún, pé ní ọjọ́ keje yóò sọ̀ kalẹ̀ gbé ara rẹ̀ lé Màmá lórí, bí a ṣe ń gbé ọwọ́ lé ènìyàn lórí nílé àdúrà, yóò sì dúró síbẹ̀. Inú bí mi. Mo ní ọ́ìlì ló ń yọ́, kì í ṣe ìbùkún.

"Níbo ni ọ́ìlì náà wà, arábìnrin?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ ra ilẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ilẹ̀ gbẹ táútáú, bó ṣe gbẹ lọ́jọ́ tí mo ti Odígbó dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, Màmá ń ka ohun tí wọ́n máa kó wá fún ìdúpẹ́ ọjọ́ keje: ẹyìn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, ẹ̀gẹ́. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ máa wà. Mo ní, "Màmá, bó bá lẹ́rù, á yára wálẹ̀. Ẹ má wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́la, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Jẹ́ kó yára. Èmi náà ti dàgbà, mi ò lè pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Ó fi èjìká gbá mi. "Ìwọ tó o máa ń bú gbogbo ayé, irin lásán ló ń já ọ láyà báyìí?"

Mi ò sọ ìyókù fún un. Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo bá tèmi lọ. Títí di òní, ìrọ̀lẹ́ yẹn ń dùn mí ju ọ̀sán ọjọ́ keje lọ.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n wọ sùtánà funfun, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tan àbẹ́là sínú eruku. Àwọn obìnrin kó ẹrù wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò nílò àkàbà mọ́, àyà mi ló dé. Màmá kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó forí balẹ̀, fìlà funfun rẹ̀ kan ilẹ̀. Wòlíì lu agogo. Gbogbo wọn yí i ká, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n di ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni ojú mi là.

Orin kìíní parí, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà níbi ìbàdí mi. Wọ́n ń gbàdúrà fún oko, fún ọmọ Màmá, fún ọ̀nà Èkó. Mo pe Màmá lẹ́ẹ̀kan, mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé mi, wọ́n gbé ohùn sókè sí i. Èmi tí mo máa ń pariwo tí odidi oko á gbọ́, ohùn mi kò jáde ju ti ọmọdé lọ. Nígbà tó dé orúnkún mi, imọ̀ ọ̀pẹ tó so mọ́ ọn ti ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn Màmá. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, torí ó rò pé ohun tóun ń retí ló dé.

Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá lórí ẹní, mo kọjú sókè. Ojú àpá tí ẹ̀gbọ́n mi jó wà lókè ojú mi gan-an, mo lè fi ìka kàn án. Ó ń bọ̀, kò sì dún rárá. Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí kẹ́yìn láyé.

Mo fẹnu sí etí Màmá. Mo ní, "Màmá, Wòlíì ò parọ́. Ọwọ́ yìí pa ẹ̀gbọ́n mi. Bó ṣe wà lókè báyìí náà ló ṣe wà lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́ rẹ̀ ló sùn sí. Èmi ni mo gbé e sókè fún un, mo sì purọ́ fún gbogbo ènìyàn."

Ó la ojú. Ó yí orí, ó rí irin náà. Kò ké. Ó ní, "Ọmọ mi, jáde."

"Ẹ ṣáájú, Màmá. Mi ò ní jáde kí ẹ tó jáde."

Ó wò mí, ó rí i pé òótọ́ ni mo ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lórí orúnkún rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, mo yí gbirigbiri tẹ̀ lé e. Etí bọ́kẹ́ẹ̀tì ha mí lẹ́yìn, ó ya ṣẹ́ẹ̀tì mi. Fìlà Màmá ṣì wà lórí ẹní.

Wọ́n ṣì ń kọrin. Màmá dìde, orí rẹ̀ lásán, ewú rẹ̀ ń fẹ́ nínú ọyẹ́. Ó ní, "Ẹ la ojú yín." Wọ́n là á, wọ́n wo Màmá, wọ́n wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo àlàfo tó kù láàárín rẹ̀ àti ẹní. Kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Orin náà kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá yíjú sí mi. "Gbé e wálẹ̀."

Wòlíì ní, "Màmá, ọjọ́ keje kò tíì parí."

"Wòlíì, ohun tí ẹ rí, ẹ rí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni a ṣì gbọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà láàárín wa, a kò bi í." Ó fa ẹní rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀. "Mo ní kó gbé e wálẹ̀." Wòlíì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá pa àwọn àbẹ́là.

Mo gun orí àga. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ọwọ́ yẹn sókè: kó lè rí ibòji, kí n lè gbé òkú rẹ̀, àti fún Wòlíì. Mi ò tíì gbé e wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo ti ọ̀pá náà síwájú, irin náà jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo fa búréèkì, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo sọ̀ kalẹ̀. Màmá ń dúró dè mí nísàlẹ̀.

"Ìyá rẹ ń kọ́? Ṣé ó mọ̀?"

Mo ní kò mọ̀. Ó ní kí n má ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, ó pe ọlọ́kadà fún mi.

Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé l'Ódígbó, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ọmọ tí èmi fọwọ́ ara mi gbé omi sí lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí kò lè dá dìde lórí àga, báwo ló ṣe máa gun katakata?"

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí, Màámi?"

"Wọ́n máa ń wá sọ fún mi pé ọmọ rẹ ń bú ènìyàn káàkiri oko, pé àwọn tó bá fi irin sílẹ̀ lókè, á bú wọn títí wọ́n á fi sunkún. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀. Mo mọ ẹni tó o ń bú."

Ó jẹ́ kí n sunkún tó. Nígbà tó yá, ó nawọ́ ọ̀bẹ kejì sí mi, a sì jọ bó ẹ̀gẹ́ náà tán.